Ambásádọ̀ Àyíká àti Ìkòkò Aró Ìlódè

Bí ẹ bá gba Ìlódè kọjá láàárọ̀, tí ẹ rí ọkùnrin kan níwájú dígí ọkọ̀ ara rẹ̀, tó ń tún fìlà ṣe bí ẹni tó gbé ẹyin lérí, ẹ má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni pé ta ni. Òun ni. Ọlálékan Àjíṣafẹ́, Ambásádọ̀ Àyíká, Ọ̀rẹ́ Ewéko, Bàbá Ìsàlẹ̀ Igbó, Olùgbàlà Òṣùpá. Èmi ni mo fi òṣùpá kún un, ṣùgbọ́n bó bá gbọ́, yóò tẹ̀ ẹ́ sára káàdì.

Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ. Àjíṣafẹ́ tiwa yìí jí, ó ṣafẹ́. Ó jẹun, ó ṣafẹ́. Ó lọ síbi ìsìnkú, ó ṣafẹ́ ju òkú lọ.

Èmi ni Àbíkẹ́, aránṣọ. Ṣọ́ọ̀bù mi fara ti ọgbà agboolé wọn, èmi ni mo sì ń rán aṣọ rẹ̀. Mo mọ ìbàdí rẹ̀, mo mọ bí ikùn rẹ̀ ṣe ń yọ sí i, mo mọ ìgbà tó ní kí n fi ínǹṣì méjì kún ṣòkòtò, kí n má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ènìyàn dénú, kó má bi pásítọ̀, kó má bi ìmáàmù. Kó bi télọ̀.

Láti ọdún tó kọjá ló ti ń wàásù kiri. Ó ní kẹ́míkà tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ ń pa ẹja nínú odò. Ó ní aṣọ rọ́bà kì í jẹrà, ó ní àkísà òkìrìkà ti fẹ́ bo ilẹ̀ wa mọ́lẹ̀. Òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ gan-an nìyẹn: òótọ́ ni, ẹnu rẹ̀ ló wá ń gbà jáde.

Jíìpù tó fi ń gbé ìwàásù náà kiri, bó bá kọjá, àwọn ọlọ́kadà á tan iná lọ́sàn-án kí wọ́n lè ríran nínú èéfín rẹ̀. Omi inú ike ló ń mu, ojú fèrèsé ló sì ń ju ike rẹ̀ gbà. Lọ́jọ́ kan, ó gbé aṣọ kan wá bá mi.

"Àbíkẹ́, bá mi rán èyí. Òwú gidi ni, láti oko. Kò sí rọ́bà kankan nínú ẹ̀."

Mo fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹja àrọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, rọ́bà ni o. Bí mo bá fi áyọ́ọ̀nù kàn án, yóò yọ́."

"Ṣé o ò lè fi áyọ́ọ̀nù tútù lọ̀ ọ́ ni?"

Mo lọ̀ ọ́ ní tútù. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí yunifásítì, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko lórí bí aṣọ rọ́bà ṣe ń pa ayé.

Àfi bí àjọ kan tó ń ran oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́ ṣe kéde pé àwọn ń wá ibi ìrẹṣọ kan ní Ifẹ̀ wa níbí, èyí tí kò ní kẹ́míkà nínú. Wọn yóò rán àlejò wá yẹ ibẹ̀ wò; ibi tí wọ́n bá yàn, wọn yóò kọ́ òrùlé tó dára lé e, wọn yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbẹ̀, wọn yóò sì mú ẹni tó ni ín lọ sí Òkè-Òkun lọ fi aṣọ rẹ̀ han àwọn Òyìnbó. Ọlálékan gbọ́ Òkè-Òkun, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì ló ti wá ní kí n bá òun rán kóòtù òtútù.

Ìṣòro kékeré kan ló wà ńlẹ̀. Ọlálékan kò rẹ aṣọ rí láyé rẹ̀. Áńkáṣíìfù lásán, kò rẹ ẹ́ rí.

Ẹni tó ń rẹ aṣọ ní agboolé wọn ni Ìyá Aláró. Hàlímàt lorúkọ wọn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá Ọlálékan ni wọ́n, opó sì ni wọ́n. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ lẹ́yìnkùlé yẹn. Àwọn fúnra wọn ń gún ewé ẹlú, àwọn fúnra wọn ń jó eérú, wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá kan tí ìyá ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Kò sí ohun kan nínú ìkòkò náà tó ti inú ọ̀rá wá. Èékánná Ìyá ti gba àwọ̀ aró tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe làálì, làálì ni yóò máa bẹ̀bẹ̀.

Aró náà ń rùn o. N kò ní purọ́ fún yín. Aró ẹlú tó bá wà láàyè a máa rùn, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mọ̀ pé ó wà láàyè. Bí a ṣe é, bí a ò ṣe é, ebòlò á máa rùn ìgbẹ́.

Ọlálékan gba ọ̀dọ̀ Bàbá Oyèwọlé lọ, àwọn ni olórí agboolé wọn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo lọ wọn bùbá Bàbá.

"Bàbá, ẹ fún mi ní ẹ̀yìnkùlé. Bí mo bá gba ẹ̀bùn yìí, orúkọ agboolé wa á dé Òkè-Òkun."

"Ìyá Aláró ńkọ́?"

"Wọ́n ti dàgbà, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi."

"Ṣé àwọn ló ní ó ti rẹ àwọn?"

"Ẹni tó ti rẹ̀ kì í mọ̀, Bàbá. Èmi ni mò ń bá wọn mọ̀ ọ́n."

 Bàbá ní, "Kò burú. Ẹni tí àwọn àlejò yẹn bá yàn ló ni ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n bá yàn ọ́, Hàlímàt á kó ìkòkò rẹ̀ kúrò. Bí wọn ò bá yàn ọ́, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹ mọ́ láé."

Inú bí mi débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi. Níbo ni opó ẹni àádọ́rin ọdún fẹ́ gbé ìkòkò aró lọ? Ta ni yóò gbà á pẹ̀lú òórùn rẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ambásádọ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Èmi náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú òwú tí mo fẹ́ kí Ìyá bá mi rẹ.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan nípa aró, èyí tó dùn létí. Mo fẹ́ kọ ọ́ sára bánà."

Ìyá kò fura. Inú wọn tilẹ̀ dùn pé ọmọ bèèrè. Wọ́n ní, "Aró kì í purọ́, ọkọ mi. Aṣọ á wọlé ní funfun, á jáde bí ewé, á di aró lójú ẹni. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró."

"Háà! Ewì ńlá!" Ó ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù.

"Kì í ṣe ewì. Dúró kí o wò ó, mo fẹ́ yọ èyí báyìí."

"Ìyá, mò ń kánjú. Òórùn yìí á wọ aṣọ mi."

Ó lọ. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìbá dúró. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí Ìlódè ló ti rí ohun tí Ìyá fẹ́ fi hàn án, láti orí ẹ̀yìn ìyá wọn. Ọlálékan nìkan ni imú rẹ̀ kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ ríran.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí àwọn àlejò dé, ó kó lébírà mẹ́rin wá.

"Ẹ da gbogbo ẹ̀ nù! Ṣé ibi tó ń rùn báyìí la fẹ́ mú àlejò wá?"

Ìyá dìde. "Ọlálékan, aró tó wà láàyè ni. Bí o bá dà á nù, o pa á nìyẹn."

"Ìyá, ayé ti yí padà. Aró ìgbàlódé kì í rùn. Ẹ fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ ìkòkò yẹn, ẹ fọ inú, ẹ fọ ìdí. Eérú wo nìyí? Ẹ kó o jù nù!"

"Eérú mi! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jó o!"

"Ìdọ̀tí ni, Ìyá. Àti pé lọ́jọ́ yẹn, ẹ bá mi wà nínú ilé. Kí èékánná yín má baà dẹ́rù ba àwọn èèyàn."

Àwọn lébírà ọ̀hún, ọ̀lẹ ni wọ́n. Wọn kò kó eérú náà jìnnà. Wọ́n kó o sínú kòtò kan lẹ́bàá ọgbà, níbi àlàfo tó já sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n fi páálí bò ó, wọ́n sì lọ jẹun láìtíì da aró nù. Àwa ò mọ̀; a rò pé ààtàn ni wọ́n kó o dà sí. 

Kí wọ́n tó jẹun tán, Ìyá ti gba inú àlàfo náà wá bá mi.

"Àbíkẹ́, gbà mí."

Àwa méjèèjì la fi korobá kó aró náà, a kó o sínú ìkòkò àtijọ́ kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Àràárọ̀ ni Ìyá ń wá rò ó, tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tọ́jú ọmọ àìsàn. Wọ́n ní eérú ló kù tí aró náà nílò. Omi eérú tó wà nílẹ̀ kò ju èyí tí aró náà á fi mí díẹ̀díẹ̀ lọ. Igi pàtó ni wọ́n fi jó eérú yẹn, ibi tí wọ́n ti ń rí igi náà sì ti di ilé akẹ́kọ̀ọ́.

Òórùn yẹn fojú mi rí nǹkan. Ọmọge kan wá wọn aṣọ ìgbéyàwó, ó bi mí bóyá nǹkan kú sábẹ́ ẹ̀rọ mi. Kò padà wá. Mo fara dà á fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọlálékan ní tirẹ̀ ra àwọ̀ oníyẹ̀fun inú ọ̀rá lọ́jà, ó dà á sínú ìkòkò tí ọṣẹ ti fọ̀, ó sì fi lọ́fíńdà sí i. Ó rẹ gínì kan nínú rẹ̀ tí òun á fi dá agbádá. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó má baà ṣí. Ó ní kí n má fọ ògo òun dànù. Mo rán ògo náà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ pé, oòrùn Ẹrẹ́nà ń ta bí ata. Kí n sọ bí Ambásádọ̀ Àyíká ṣe ṣe ẹ̀yìnkùlé lọ́ṣọ̀ọ́? Òdòdó rọ́bà. Koríko rọ́bà ló tẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ọgbà, ó sì tẹ́ ẹ lé kòtò eérú náà lórí láìmọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù kí fáànù lè máa fẹ́ ẹ. Bánà mẹ́fà ló so kọ́, gbogbo wọn rọ́bà, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: Ó WỌLÉ NÍ FUNFUN, Ó JÁDE BÍ EWÉ, Ó DI ARÓ LÓJÚ YÍN! Lábẹ́ rẹ̀ ni àwòrán òun fúnra rẹ̀, eyín méjìlélọ́gbọ̀n.

Ìlódè tú jáde. Àwọn ìyá tó wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró. Àwọn àlejò mẹ́ta ló dé. Dókítà Yéwándé ni olórí wọn, olùkọ́ ní yunifásítì, tó ń ṣe ìwádìí lórí ewé. Obìnrin kúkurú kan ni, sálúbàtà ló wọ̀, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọlálékan dìde, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

"Èmi, pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì yìí, ni mo fi ń gún ẹlú láràárọ̀!"

"Ẹ kú iṣẹ́," Dókítà wí. "Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ náà."

Ó nà án. Ó funfun nini, ó ń dán, òrùka méjì wà níbẹ̀.

"Ìbọ̀wọ́ ni mo máa ń lò," ni Ọlálékan wí.

Dókítà tẹ orí ba ìkòkò, ó fi imú fà á. "Aró yín ò rùn."

"Ẹ ṣé! Ìmọ̀ tuntun tí mo gbé dé nìyẹn! Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ láyé tó mú òórùn kúrò lára aró!"

Àwọn ìyá wo ara wọn. Ọ̀kan pòṣé.

Dókítà fa aṣọ funfun kékeré kan yọ nínú báàgì. "Ẹ bá wa rẹ èyí."

Ọlálékan ká ọwọ́ agbádá, ó kọjú sí àwọn tó ń ya fọ́tò, ó ri aṣọ náà bọ inú ìkòkò. Ó rọra yọ ọ́ sókè.

Aró. Aró lójú ẹsẹ̀, ó ń kán tótó.

Gbogbo ẹ̀yìnkùlé pa lọ́lọ́. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọlálékan rò pé ẹ̀rù iṣẹ́ òun ló bà wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mùnírátù tó ń ta ẹ̀pà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó gbójú sókè wo bánà, ó ń kà á bí ọmọ iléèwé: "Ó wọlé ní funfun. Ó wọlé lóòótọ́. Ó jáde bí ewé." Ó wo aṣọ náà, ó tún wo bánà. "Ambásádọ̀, ewé dà?"

Ìyá kan gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Àbí ẹ ò gbọ́? Ewé dà?"

"Ewé dà? Ewé dà?" Gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́ sí i.

"Ewì ni!" ni Ọlálékan kígbe. "Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ewì lásán ni mo kọ síbẹ̀!"

"Kì í ṣe ewì, ọ̀gá," Dókítà wí. "Bí aró ẹlú ṣe ń ṣe nìyẹn. Bó bá ti inú ìkòkò jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di aró. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín?"

"Èmi ni mo dá a sílẹ̀!"

"Ẹ dá a sílẹ̀, ẹ ò sì rí i rí?"

Òógùn bò ó. Ògo tí n kò fọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó ń ti ọrùn wá sí àyà. Ó fẹ́ nu ojú, ó na ọwọ́ sí áńkáṣíìfù, aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi nu ojú dáadáa, títí dé etí. Nígbà tó gbé e kúrò, Mùnírátù jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dúró mọ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí epo jẹnẹrétọ̀ fi tán. Fáànù kú, lọ́fíńdà rọlẹ̀, afẹ́fẹ́ Ọlọ́run sì fẹ́ wá láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi.

Dókítà gbé imú sókè. "Òórùn kí nìyẹn?"

"Ilé ìgbẹ́ télọ̀ yẹn ni!" ni Ọlálékan wí. "Mo ti ní kó tún un ṣe! Obìnrin ọ̀bùn!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi pa ẹnu mọ́. Mo ti fara da ti ọmọge, mo ti fara da ti eṣinṣin. Ṣùgbọ́n ọ̀bùn! Èmi Àbíkẹ́!

Mo dìde. "Dókítà, aró ló ń rùn. Aró tí ọkùnrin yìí ní kí wọ́n dà nù. Ẹni tó ni ín wà nínú ilé, Ambásádọ̀ ló ní kí wọ́n má jáde nítorí èékánná wọn. Ẹ máa bọ̀, ẹ gba inú àlàfo yìí."

Ọlálékan fò sókè. "Ẹ má lọ! Kò sí nǹkan níbẹ̀! Àwọn àjẹ́ ni!" Ó sáré lọ dí àlàfo náà, ó na apá méjèèjì, ó sì tẹ koríko rọ́bà tó bo kòtò.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wọlé dé itan. Eérú bú sókè, ó bò ó láti orí dé ìdí, ó lẹ̀ mọ́ gbogbo ibi tó tutù lára rẹ̀. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀; àgbà tó pa á lówe kò mọ̀ pé a máa rí i lójúkojú.

Àwọn àlejò rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bàbá Oyèwọlé ti lọ mú Ìyá Aláró jáde fúnra wọn. Ìyá kò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n gba aṣọ funfun kan lọ́wọ́ Dókítà, wọ́n rì í sínú ìkòkò mi tó ń rùn, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n yọ ọ́.

Ewé. Àwọ̀ ewé ẹ̀fọ́ tuntun. A ń wò ó, etí rẹ̀ kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà ni àárín, títí gbogbo rẹ̀ fi di aró lójú wa. Mo ti rí i nígbà àìmọye, omijé ṣì bọ́ lójú mi. Ọlálékan rí i láti ibi tó jókòó sí. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn.

Dókítà Yéwándé kúnlẹ̀ kí Ìyá. "Mà, ẹ̀yin la ń wá. Kí lẹ fẹ́ kí a kọ́kọ́ bá yín ṣe?"

Bàbá Oyèwọlé kọjú sí inú kòtò. "Ọlálékan, o gbọ́? Ẹ̀yìnkùlé ti rí ẹni tó ni ín. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́."

Ọlálékan ń gbìyànjú láti dìde, ojú rẹ̀ aró, fìlà rẹ̀ eérú. Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbọn ara rẹ̀.

"Dúró jẹ́ẹ́, ọkọ mi," ni Ìyá ké. Wọ́n ti gbé igbá, wọ́n ń bọ̀ kánkán. "Má gbọn eérú yẹn dànù. Òun ló kù tí mo ń wá."

Wọ́n gbé igbá náà sábẹ́ àgbọ̀n Ambásádọ̀ Àyíká, wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀, wọ́n sì rọra gbọn ọ́n sínú igbá.